Ìyá Ọkọ Nídìí Maṣíìnì Lateefah

Lateefah kì í ṣe aránṣọ. Aránṣọ a máa gbowó, a sì máa purọ́ pé aṣọ yóò yá lọ́la. Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni, ní ìtòsí ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú, ìránṣọ sì ni ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bó bá ti ti ilé-ìwé dé, á jókòó sídìí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ àlòkù tó wà nínú yàrá, á rán fìlà, á rán àpò ìrọ̀rí, á tú èyí tó bá wọ́, á sì tún un rán. Ìgbà tó lóyún gan-an ló wá burú. Ikùn ń kan tábìlì maṣíìnì, obìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Fìlà mọ́kànlélógún ló rán sílẹ̀ de orí kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí.

Orí náà kò gba ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Zikrullah jáde. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ọsibítù dé ni ìyá ọkọ Lateefah wọlé láti Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ, kànìnkànìn tuntun, àti òfin. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti bí méje, ó sì ti wẹ ọmọ-ọmọ mẹ́rìndínlógún. Kò tíì mu omi tán tó fi rí maṣíìnì.

“Ta ló ń lo èyí?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ó di lẹ́yìn ogójì ọjọ́. Wọ́n la ikùn ẹ, o tún fẹ́ máa fẹsẹ̀ gún nǹkan? Ṣé o fẹ́ kó ṣí ni?”

Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò dúró gbọ́ èsì. Ó yọ bẹ́líìtì aláwọ tó so àgbá ìsàlẹ̀ maṣíìnì mọ́ tòkè, ó sì wé e mọ́ ìdí ara rẹ̀ lábẹ́ ìró. Ẹ sọ fún mi, ìyàwó wo ló máa lọ tú ìró ìyá ọkọ rẹ̀ wò?

Ká sòótọ́, inú Lateefah bàjẹ́. Láti ọjọ́ tó ti bímọ, ara rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Nọ́ọ̀sì ń tẹ ikùn rẹ̀ wò, ọmọ ń fa ọyàn, Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń fi omi gbígbóná ra á lẹ́yìn. Mùsílíù ọkọ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ọlọ ìrẹsì ní Ìmọ̀ta, á máa pè é ní wákàtí-wákàtí láti béèrè bóyá ó ti jẹun. Maṣíìnì yìí nìkan ni kò bá ẹnikẹ́ni pín. Ó wá ń wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ka ọjọ́.

Ti Zikrullah ni pé ó ń sunkún. Ìyá Ẹ̀pẹ́ pọ̀n ọ́n, ó kọrin fún un, ó gbàdúrà sí i létí. Ó ní omi Ìkòròdú ni kò dáa, wọ́n bá lọ ra omi inú ọ̀rá láti fi wẹ̀ ẹ́. “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́,” ló máa ń wí. Orí ọmọ kò wọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹkún kò dáwọ́ dúró.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ tó máa ń gbé maṣíìnì lé èjìká kiri àdúgbò jókòó síwájú ilé láti ṣẹ́ etí yunifọ́ọ̀mù fún ọmọ aládùúgbò. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yí maṣíìnì, Zikrullah panu mọ́. Bó ṣe dáwọ́ dúró, ọmọ figbe bọnu. Ó tún yí i, ọmọ dákẹ́.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ sáré bọ́ síta. “Aránṣọ, ẹ má tíì dìde o!”

Ó kó ṣòkòtò Mùsílíù fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kó gèlè ara rẹ̀ jáde, ó kó àwọ̀n ẹ̀fọn, ó kó ẹní ìkírun. Nígbà tó gbé tìmùtìmù àga dé, aránṣọ wò ó yí ká.

“Màmá, èyí ò ya o.”

“Ẹ rán an bẹ́ẹ̀!”

Nínú yàrá, Lateefah fi ọwọ́ méjèèjì di ojú egbò mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí aránṣọ rí ọ̀nà sá lọ, Lateefah ní, “Màmá, oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń gbọ́ ariwo maṣíìnì nínú mi. Òun ló ń wá. Ẹ fún mi ní bẹ́líìtì yẹn.”

Ìyá Ẹ̀pẹ́ kọ̀yìn sí i, ó tú bẹ́líìtì. Lateefah na ọwọ́. Ìyá rékọjá lára ọwọ́ náà, ó sì lọ jókòó sídìí maṣíìnì.

“Òfin ò yẹ̀,” ló wí. “Èmi ni mo máa tẹ̀ ẹ́. Sọ bí wọ́n ṣe ń yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀ fún mi.”

Ní àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni àgbá ń yí sí. Lateefah ń pàṣẹ láti orí bẹ́ẹ̀dì bó ṣe ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: ẹ fọwọ́ yí i síwájú ná, Màmá, ẹ má sáré. Kò pẹ́, maṣíìnì ń dún, Zikrullah sì sùn fọnfọn. Ọjọ́ méjì ni Ìyá fi tẹ maṣíìnì òfìfo. Ní ọjọ́ kẹta ó ní iṣẹ́ àṣedànù kì í ṣe ti òun, kí wọ́n bá òun fi abẹ́rẹ́ àti òwú sí i.

Ìlà tó kọ́kọ́ rán wọ́ bí ọ̀nà odò. Ẹ̀kejì sàn díẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti wọṣọ fún gbogbo ohun tí kò lẹ́mìí nínú ilé náà: rédíò, bùtà àlùwàlá, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Mùsílíù ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bá sílíńdà gáàsì nínú ẹ̀wù alápá. Díẹ̀ ló kù kó kí i káalẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé. Nọ́ọ̀sì Oríyọmí yẹ ojú egbò wò ní ọsibítù, ó ní ó ti jiná dáadáa.

“O lè bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ. Ogún ìṣẹ́jú ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Wá àga tó ní ẹ̀yìn, kó o fi ìrọ̀rí tì í. Bó bá ti ń fà ọ́ nínú, dìde. Kó o sì ka abẹ́rẹ́ ẹ pé kó o tó gbé ọmọ.”

Inú Lateefah dùn débi pé ó sọ ọ́ fún oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé e, láìjẹ́ pé ọkùnrin náà béèrè. Ó wọlé, ó tẹ́ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé àga ẹlẹ́yìn láti pálọ̀, ó mú ìrọ̀rí dání. Ìyá Ẹ̀pẹ́ wà nídìí maṣíìnì, ó ń rán aṣọ fún páànù ìwẹ̀.

“Màmá, nọ́ọ̀sì ní mo lè bẹ̀rẹ̀.”

“Alhamdulillah,” ni Ìyá wí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró.

“Ogún ìṣẹ́jú péré ni.”

“Mò ń bọ̀.” Ó rán ti páànù tán, ó sì fa aṣọ mìíràn.

Omi bọ́ lójú Lateefah. “Màmá, ẹ dìde! Gbogbo nǹkan tí mo ní ni mo ti yọ̀ǹda látọjọ́ tí mo ti bímọ. Èyí nìkan ló kù tó jẹ́ tèmi!”

Kò gbé ohùn sókè sí ìyá ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Maṣíìnì dákẹ́. Ẹ̀rù ba òun fúnra rẹ̀.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. “Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí wọ́n gbé igbá ẹja lé mi lórí,” ló wí. “Látìgbà náà, kò sóhun tọ́wọ́ yìí ṣe tí mi ò gbé lọ sọ́jà. Àwọn játijàti yìí ni mo kọ́kọ́ ṣe tí mi ò ní tà. Ó kàn ń wù mí ni. Má bínú, ìyàwó mi.” Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó fẹ́ dìde.

Lateefah gbé àga ẹlẹ́yìn náà sún mọ́ ọn, ó sì fi ìrọ̀rí sí i.

“Ẹ bọ́ sórí èyí, Màmá. Èyí tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ yẹn á dùn yín lẹ́yìn.”

Ó wá lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó nu ojú, ó sì kọjú sí aago ara ògiri.

“Ogún ìṣẹ́jú o, Màmá. Mò ń wò ó.”