Gàníyù, Olórí Àwọn Amùjẹ̀

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday. Àwa mẹ́rin la wà ní pálọ̀ mi ní Ṣàngó: èmi, Ṣadé ọmọ mi, àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tí wọ́n ń wo fíìmù. Nínú fíìmù náà, àwọn amùjẹ̀ wọ kóòtù awọ dúdú tó gùn dé kókósẹ̀. Wọ́n ń fò láti orí òrùlé bọ́ sínú òjò, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn méjèèjì, síbẹ̀ irun wọn kò tú. Àwọn ènìyàn tó ń di ìkookò ni wọ́n ń bá jà. Èmi ń tòògbé ní tèmi. Ìkookò kan hu, mo sì lajú.

"Bàbá, ẹ̀yìn ta lẹ wà?" Èyí àbúrò ló bi mí. "Àwọn amùjẹ̀ àbí àwọn ìkookò?"

Ìyàwó mi, ìyá wọn àgbà, ni ì bá dá a lóhùn. Òun ló máa ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí, ọdún karùn-ún rèé tó ti di olóògbé. Mo ní n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀. Ìkookò ni mí nígbà èwe mi, nínú àgbàlá kan ní Ọ̀tà, ohun tí mo sì ṣe níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá kí bàbá mi tó mú mi kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkirè wá sí Ọ̀tà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ. N kò wọ ilé ìwé rí. Wọ́n fi mí sí kíláàsì kìíní, láàárín àwọn ọmọ tí eyín iwájú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Orúnkún mi kò wọ abẹ́ tábìlì. Ẹnì kan ṣoṣo ló tún ga bíi tèmi níbẹ̀, Gàníyù, ọmọ inú àgbàlá wa. Àìsàn ló dá òun dúró. Egungun a máa ro ó, ẹyinjú rẹ̀ a sì pọ́n rúsúrúsú. Wọ́n fi àwa méjèèjì sí ìjókòó ẹ̀yìn. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń di pẹ́ńsù mú.

Ìyá rẹ̀ a máa fọ àpò tí àwọn ilé iṣẹ́ bá jù sílẹ̀, a tún un rán, a sì tà á fún àwọn àgbẹ̀ Adó-Odò. Àpò ló kún gbogbo okùn àgbàlá wa. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ìyẹ̀fun ara àwọn tí kò tíì fọ̀ a bò wá, a ó funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ọkùnrin kan ní Ṣàngó ní tẹlifíṣọ̀n àti fídíò, a sì máa fi fíìmù hàn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé. Ibẹ̀ la ti kọ́kọ́ rí ìjà amùjẹ̀ àti ìkookò. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, a kò sì gbọ́. Gàníyù ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó tó ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó mọ̀ pé irọ́ ló pọ̀ jù nínú ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí kò dájú pé ẹ̀wà ni àwọn òyìnbó wọ̀nyẹn ń tìtorí rẹ̀ para wọn.

Láti ọjọ́ náà, a kò ṣe eré mìíràn mọ́. Ẹ mọ bí àwọn ìyá ṣe máa ń fa ìpéǹpéjú ọmọ wálẹ̀ láti wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín ara wa. Ẹni tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ bá pọ́n, ìkookò ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá funfun, ẹ̀jẹ̀ ló ń wá kiri, amùjẹ̀ ni. Ti Gàníyù máa ń funfun bí òwú, nítorí náà òun ni olórí wọn. A gé ihò ọrùn àti ti apá sára àpò dúdú kan, ó sọ ọ́ di kóòtù. Ọmọ tí kò lè sáré ní pápá ilé ìwé, a dúró lórí ìdí odó, àwa yòókù a sì máa sá fún un. N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ kan, àwọn amùjẹ̀ ṣẹ́gun wa lẹ́ẹ̀mẹta. Gàníyù jókòó lé mi láyà níwájú gbogbo wọn.

"Ìkookò Ìkirè," ó ní, "hu ká gbọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Èmi nìkan ni mo máa ń bá ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, ìyá náà sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo bá rí níbẹ̀.

"Tiẹ̀ kì í ṣe eré o," mo ní. "Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni wọ́n ń fà sí i lára. Mo fojú mi rí i."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde kúrò lára mi jẹ́jẹ́. Kò bá mi jà.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń sá fún un ní tòótọ́. Wọ́n ń fọwọ́ bo ọrùn bó bá ń kọjá. Ìyá kan tilẹ̀ gba abọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀. Nígbà tí ìrora tún dé, Gàníyù kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́yìn òkìtì àpò ìyá rẹ̀. Èmi ni mo rí i.

"Má pè wọ́n," ó ní. "Tí wọ́n bá tún fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sí mi, á jẹ́ pé òótọ́ lo sọ."

Mo jókòó tì í. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi máa rí wa, Gàníyù kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀ láti ọsibítù.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá rẹ̀ bi mí pé ta ló sọ fún àwọn ọmọ. Mo ní n kò mọ̀.

Ilé iṣẹ́ ti gba pápá ilé ìwé wa báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fẹ́ra, gbogbo ayé ló sì mọ orúkọ ohun tó pa Gàníyù. Àwọn ìyá ṣì ń fa ìpéǹpéjú ọmọ wálẹ̀. Irọ́ mi náà ṣì wà. Mo ti rò pé yóò fúyẹ́ bí mo bá ṣe ń dàgbà, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń wúwo sí i, n kò sì rí ibi tí mo lè sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí àwọn ọmọ wo fíìmù yẹn, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá Gàníyù. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, inú àgbàlá yẹn ló ṣì wà. Ó ń gbálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ìyá," mo ní, "ọ̀rọ̀ Gàníyù ni mo bá wá."

Ó dúró, ó wò mí.

"Ìwọ nìkan lo ò sá fún un," ó ní. "Bí mo bá ń ṣàdúrà fún un, mo máa ń dárúkọ tìẹ mọ́ ọn."

Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbá àgbàlá náà títí dé ẹnu ọ̀nà, mo kó ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, mo sì lọ síbi iṣẹ́.