Ẹ̀kúnwọ́ Mẹ́ta Nínú Ìrọ̀rí Bàbá

"Ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ dáadáa, ìyàwó sójà. Ògiri ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wò mí. Ìrọ̀rí ló máa bá yín sùn, kì í ṣe èmi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín lórí ẹní títí ikùn oyún rẹ̀ fi ń mì. Bàbá kọ ẹ̀yìn sí i, ó ké sí mi: "Olórí ìkòkò, ó yá, wọ̀n ọ́n."

Èmi ni olórí ìkòkò. Mo kúnlẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ àárín etí obìnrin náà àti ẹní, mo sì ń to ìka léra títí àyè náà fi kún.

"Ìka mẹ́jọ, Bàbá."

"Ìka tèmi mẹ́fà nìyẹn. Ẹ dìde, Màmá. Ọrùn yín ti délé."

Òkokomáíkò la wà nígbà náà, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí gbogbo wa sì mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń sè lálẹ́. Bàbá kì í ṣe ẹbí wa, yàrá rẹ̀ ló kọjú sí tiwa. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rán aṣọ sójà ní bárékè Ọ̀jọ́ kí wọ́n tó ní kó máa lọ sinmi. Nígbà tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ohun tí àwọn ẹlòmíràn máa fi sinmi.

Fóòmù ti pọ̀ ní Ìyànà-Ìbà, wọ́n ń so ìrọ̀rí inú ọ̀rá rọ̀ bí ẹran. Àmọ́ ẹni tí ọrùn bá ń dùn, ọ̀dọ̀ Bàbá ló máa gbẹ̀yìn sí. "Ṣé ẹni tó gé fóòmù yẹn mọ ọrùn yín ni?" Ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bi wọ́n nìyẹn. Èkejì ni pé báwo ni wọ́n ṣe ń sùn. Ẹni tó ń fẹ̀yìn sùn, ìrọ̀rí pẹlẹbẹ ló máa rán fún un. Ẹni tó ń dojú bolẹ̀, á ní ìrọ̀rí ò wúlò fún un, kó lọ fowó rẹ̀ ra ẹ̀pà. Ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ sùn ló máa ń wọ̀n, torí èjìká ló ń gbé orí kúrò lórí ẹní, èjìká èèyàn ò sì dọ́gba. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wọn àwọn ọkùnrin. Èmi ló fi àwọn obìnrin sílẹ̀ fún, ó ní òun ò fẹ́ kí ọkọ ẹnikẹ́ni gbé ìbọn wá bá òun.

Òwú àràbà ló ń kì sínú wọn. Lẹ́yìn iléèwé, èmi àti ẹ̀ máa ń jókòó ṣa kóró dúdú inú rẹ̀, òwú á máa fò wọ imú mi. "Má sín sórí oníbàárà o," ni Bàbá máa ń wí. Ní àárọ̀ Sátidé, ó máa ń to àwọn ìrọ̀rí sórí pákó lẹ́bàá kànga, tiẹ̀ náà á wà níbẹ̀, á sì fi igi nà wọ́n: pó, pó, pó. Òórùn òwú tó ti yá oòrùn, tó dà pọ̀ mọ́ kánfọ̀ inú àpótí rẹ̀, á gba gbogbo àgbàlá.

Mo wà ní praimárì fáìfù nígbà tí tíṣà wa, ará Èkìtì kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ní ká rán bèbí aláṣọ wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo fẹ́ kí tèmi sanra ju ti gbogbo kíláàsì lọ. Mo bẹ Bàbá pé kó fún mi lówùú.

"Èso àràbà ò tíì là. Dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tó kù nínú àpò yìí, ti ìyàwó sójà ni. Lọ fi àkísà kún tìẹ." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Àbí kó o fà díẹ̀ nínú orí ẹ yẹn, òwú pọ̀ níbẹ̀."

Inú bí mi. Ó yẹ kí n ti mọ àwàdà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń wá bèbí tó sanra kì í gbọ́ àwàdà.

Ní Sátidé, Bàbá wọ balùwẹ̀. Mo tú ojú rírán ìrọ̀rí tirẹ̀, èyí onílà búlúù, mo kó ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta, mo sì rán an padà gẹ́lẹ́ bó ṣe kọ́ mi. Ó kọ́ mi dáadáa, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Bèbí mi gba méjìdínlógún nínú ogún.

Nígbà tó fi máa di Wẹsidé, Bàbá jáde pẹ̀lú ọrùn tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìyẹ tó ń fetí lélẹ̀. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ fojú inú wò ó. Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ wá síwájú mi, ó tẹ̀ ẹ́, ó to ìka sí i.

"Mẹ́rin! Ṣé mẹ́fà kọ́ ni mo rán ni? Ìwọ náà ṣáà wà níbẹ̀."

"Mẹ́fà ni, sà."

Ó yí i sókè, ó yí i sódò, ó ń fi èékánná tọ ojú rírán rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni ò tú u. Á jẹ́ pé ọwọ́ mi ló ṣì í."

Mo fi òrí ra á lọ́rùn. "Ọwọ́ ẹ tutù," ni Bàbá wí, ó di ojú.

Ìyàwó sójà dé ní Fúráìdè láti gba ìrọ̀rí rẹ̀. Bàbá kó aṣọ àti òwú jáde fún un ní àìrán.

"Ẹ gbé e fún ẹlòmíràn. Mo rán ti ara mi, mo ṣì í. Mi ò ní í ba ọrùn yín jẹ́ nínú oyún."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Fóòmù yẹn ò jẹ́ n sùn."

"Ẹ má bínú, Màmá."

Obìnrin náà gbé àpò òwú rẹ̀ lọ, ó ń fi ọwọ́ kan di ẹ̀yìn mú. Ẹnu ọ̀nà yàrá wa ni mo dúró sí, bèbí mi wà lábíyá, ó sanra dáadáa.

Láti ọjọ́ náà, a ò gbọ́ pó, pó, pó mọ́ ní Sátidé. Àràbà ò tíì là tí ọmọ rẹ̀ fi wá mú un lọ sí ìlú wọn, lápá Ọ̀yọ́. Kó tó wọkọ̀, ó na abẹ́rẹ́ gígùn rẹ̀ sí mi.

"Olórí ìkòkò, gbà. Ọwọ́ tìẹ ṣì mọ ìwọ̀n."

"Ẹ ṣé, sà." Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. N kò tíì parí iléèwé girama tí a fi gbọ́ pé ó ti kú.

Eku ti jẹ bèbí náà tipẹ́. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá dé ìsọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì ní Ìyànà-Ìbà, mo máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí ọmọ mi wọn ọrùn mi, àwọn ọmọ ìsọ̀ á ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ sùn síbí ni?" Ìka tèmi náà ti tó ti Bàbá báyìí. Mo máa ń rán ìrọ̀rí fún àwọn ará ilé mi, wọ́n sì máa ń yìn mí pé ọwọ́ mi kì í ṣì í. Tirẹ̀ náà ò ṣì í. Mẹ́fà ló rán, mẹ́fà gbáko. Èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó yẹ kí n sọ ọ́ fún sì jókòó níwájú mi nígbà náà, ó na ọrùn, ó di ojú.