Irin Tó Le Ju Ọkọ̀ Lọ

Òórùn irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó kì í tètè kúrò lára aṣọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ búláòsì tí mo wọ̀ lọ sí Kúje lọ́jọ́ yẹn, òórùn náà kò lọ.

Mò ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Festac nígbà náà. Mo ti fi iléèwé sílẹ̀ ní ọdún kejì sẹ́kọ́ńdìrì, lẹ́yìn tí bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún wọn nínú ìgbà tó dáa ni ọkọ̀ eré kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí wọ́n ti rà kí ìyá mi tó bí mi. Wọ́n ní bí àwọn bá ti rí i tà, màá padà síléèwé. Mo gbà wọ́n gbọ́ débi pé mo tú ìṣẹ́tí yúnífọ́ọ̀mù mi kó lè gùn sí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, yúnífọ́ọ̀mù náà sì jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àmọ́ ìyẹn kò dí mi lọ́wọ́.

Ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré àtijọ́ wá wò ó. Ó ní òun fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń fì jù tó bá ń yí kọ́nà. Òun á padà wá wà á wò lẹ́ẹ̀kan sí i ní Sátidé. Ni bàbá mi bá ra sitabiláísà tòkunbọ̀, ọ̀pá irin tí kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn ọkọ̀ fì. Ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin kan ní Kúje tó wà lẹ́bàá Festac, nítorí pé ibi tí ọ̀pá náà ti so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ti ya díẹ̀. Ó ní òun á jó irin pẹlẹbẹ kan lé e.

Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Mo fi ìka kan etí ibi tó ya, ìpẹtà sì bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Àǹtí tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ti bá mi wí rí pé mo fi jíǹsì lẹ ṣòkòtò tó ti gbó. Wọ́n fọ ṣòkòtò náà lẹ́ẹ̀kan péré, jíǹsì kò ṣe nǹkan kan, aṣọ tó yí i ká ló fà ya. Ohun kan náà ni mò ń wò yìí. Ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gé èyí tó jẹrà kúrò títí wọ́n á fi kan irin tó dáa. Mo la ẹnu: "Sà, ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ wa..."

"Télọ̀, ṣé abẹ́rẹ́ lo fẹ́ fi rán an fún wa ni?" jórinjórin bi mí.

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín wọn kẹ́yìn.

"Kò sí nǹkan, sà," ni mo wí.

Jórinjórin fi òòlù lu irin náà. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Dádì. Irin yìí le ju ọkọ̀ yín lọ."

Òótọ́ ló sọ. Ní Sátidé, ọkùnrin náà wa ọkọ̀, bàbá mi jókòó tì í, èmi wà lẹ́yìn. Ní kọ́nà àkọ́kọ́, ọkọ̀ dúró ṣinṣin, bàbá mi sì bojú wẹ̀yìn wò mí. Ní kọ́nà kejì, mo gbọ́ fààà, bí ìgbà tí a bá fa áńkárá ya. Ọkùnrin náà rọra páàkì, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó gbọn eruku eékún rẹ̀ nù.

"Ẹ ṣeun, sà," ló wí fún bàbá mi. A kò rí i mọ́.

Irin ilẹ̀ ọkọ̀ ti ya yí irin pẹlẹbẹ náà ká. Jórinjórin ní kò sí ibi tí òun tún lè jó nǹkan mọ́. Ọkọ̀ náà wà níwájú ilé wa títí àwọn tó ń ra irin àlòkù fi gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bàbá mi kò dárúkọ iléèwé mọ́ títí wọ́n fi kú.

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àmọ́ ká ní mo sọ ọ́ ńkọ́? Mo ti rò ó títí, mi ò rí irin tó dáa kankan lábẹ́ ọkọ̀ yẹn tí wọn ì bá gé e dé.

Irin pẹlẹbẹ yẹn, tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn tó gé ọkọ̀ náà, wà lórí tábìlì mi lónìí. Òun ni mo fi ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ tí mo bá ń gé e. Kò sán níbì kankan.