Ọjọ́ tí Bàbá Aago Jókòó Lé Oògùn

Ọjọ́ tí Bàbá Aago jókòó lé oògùn ni òkìkí rẹ̀ kàn yí ọsibítù ká. Apòògùn ni olóògbé yìí, èèyàn kúkúrú bíńtín, ṣùgbọ́n bó bá ti ní bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ náà ni. Ó ki ìgò oògùn bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, ó sì fìdí lé àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan tí kòkòrò àìsàn wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Èsì àyẹ̀wò ní oògùn ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀," ọ̀gá dókítà wí. "Ẹ dín in kù sí ìdajì!"

"Aago mélòó ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà, sà? Apá wo ni wọ́n ti fà á?" bàbá béèrè; aago ló máa ń kọ́kọ́ bi èèyàn.

"Ẹ dìde níbẹ̀!"

"Mo ti jókòó ná, sà. Bó bá kéré jù, àìsàn á borí obìnrin yìí. Bó bá pọ̀ jù, kíndìnrín rẹ̀ á jìyà. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ ká tún un fà."

Nọ́ọ̀sì tó fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún dúró sẹ́nu ọ̀nà. Apá tí oògùn ń kán wọ̀ gan-an ló ti fà á, oògùn sì ti dà mọ́ ẹ̀jẹ̀. Oṣù kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, kò lẹ́nu láti sọ ọ́. Bàbá wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ẹ̀bi mi ni, sà," bàbá sọ fún dókítà. "Èmi ni mi ò sọ apá tí wọ́n máa lò."

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ní apá kejì. Oògùn ò tilẹ̀ tó! Dókítà wá ní kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bàbá ṣírò ó sẹ́yìn páálí oògùn, ó ní ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí wọ́n fi kún un. Wọ́n ná an bí ẹni ná ẹran, bàbá ò gbà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé.

Ìyàwó bàbá ló rí ìyọnu jù. Bó bá bi í bóyá iyọ̀ tó, bàbá á ní, "Ìgbà wo lo fi sí i? Ṣé o rò ó dáadáa?"

"Bàbá àwọn ọmọ, ọbẹ̀ ni mo sè o. Mi ò sọ pé ara rẹ̀ ò yá."

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá, nọ́ọ̀sì ọjọ́ náà, tó ti di ọ̀gá wọ́ọ̀dù, ń sọ ìtàn yìí fáwọn nọ́ọ̀sì tuntun. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń fo ibi tó kan òun. Lọ́jọ́ yẹn, àárò bàbá sọ ọ́ débi pé kò lè fò ó mọ́.

"Èmi ni mo fa ẹ̀jẹ̀ yẹn," ló wí. "Ogún ọdún ni bàbá fi ru ẹ̀bi mi, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́."

Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sókè díẹ̀díẹ̀.

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ tí mo fà láàárọ̀ yìí... mo rò pé mo ṣì í fà."

Ọ̀gá wọ́ọ̀dù nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"O ṣeun tí o sọ, ọmọ mi. Dìde, ká jọ lọ tún un fà."