Àtàǹpàkò Tí Kobby Fi Ba Orúkọ Mi Jẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fà súnmọ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Dichemso, àdúgbò kan ní Kùmásí, ní Ghana níbí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí o! Bí ẹ bá rí àṣìkọ nínú rẹ̀, ẹ fojú fò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé mi, Mulika lorúkọ mi. Kùmásí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí bàbá mi sí, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wá, a ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ àwòrán ni mò ń ṣe jẹun. Mò ń ya àwòrán sára ògiri, mò ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ti rí ẹyẹ aláwọ̀ búlúù tó wà lára ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Asafo, èmi ni mo yà á.

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé wèrè géèmù ni mí. Géèmù kan wà tí orúkọ òyìnbó rẹ̀ gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀, nítorí náà gbogbo wa níbí ń pè é ní Kanea, ìyẹn fìtílà lédè Twi. Láti ìgbà tí mo wà ní JHS, ilé ìwé girama kékeré wa níbí, ni wọ́n ti ń gbé e jáde, apá kan ń tẹ̀lé òmíràn, kò tíì tán títí di òní. Obìnrin jagunjagun kan tó ń jẹ́ Virana ló ni ìtàn náà. Ní apá kìíní, ejò abìyẹ́ kan bu ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jẹ títí dé èjìká. Láti ìgbà náà, apá ẹ̀wù ọ̀tún rẹ̀ ṣófo, ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Lára páálí géèmù kọ̀ọ̀kan, bákan náà ni wọ́n máa ń yà á: ó dúró, ó na ọwọ́ òsì sí ẹni tó ń wò ó, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, iná kékeré kan ń jó láàárín rẹ̀.

Àwọn tó ń ya géèmù yìí ti pààrọ̀ ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n ti yí irun Virana padà, wọ́n ti yí aṣọ rẹ̀ padà. Ní apá kẹrin, wọ́n gbé ẹ̀wù irin wọ̀ ọ́ tó bo èjìká tó wá ṣí àyà sílẹ̀ gbayawu. Mo ní irú ìhámọ́ra wo nìyí? Ṣé àyà kì í gba ọfà ni? A pariwo lórí ayélujára títí wọ́n fi dá aṣọ gidi padà fún un. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn, kò sí ayàwòrán kankan tó dán an wò láti yí i. Òun ni a fi ń dá a mọ̀.

Ó wá di pé Kobby pè mí. Kobby jẹ́ ọmọ Asante kan tó ní ilé géèmù ní Dichemso, a sì ti mọra tipẹ́. Ó ní kí n ya Virana sára ògiri iwájú ilé géèmù òun, láti ilẹ̀ dé òrùlé. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí wọ́n san owó fún ọ kí o ya ẹni tí o ti ń yà sẹ́yìn ìwé láti kékeré.

Mo yà á bí ẹni tó ń ya ìyá rẹ̀. Ọwọ́ yẹn nìkan, mo yà á, mo pa á rẹ́, mo tún un yà. Mo na ọwọ́ òsì tèmi síwájú dígí, mo ń wo ibi tí àtàǹpàkò ti ń tẹ̀ àti bí ìlà àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń rìn. Nígbà tí mo parí, àwọn awakọ̀ trotro, bọ́ọ̀sì akérò wa níbí, ń dín eré kù kí wọ́n lè wò ó. Mo wá kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà tó hàn dáadáa.

Orúkọ yẹn ṣe pàtàkì o, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù fóònù ńlá kan ní Race Course fẹ́ gbé gbogbo ògiri wọn fún mi yà. N kò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá wọn obìnrin sọ pé òun yóò kọ́kọ́ wo ògiri Dichemso, ibẹ̀ ni òun yóò ti mọ̀ bóyá mo tó ẹni tí wọ́n ń fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ẹ ti rí i pé ògiri Kobby ni gbogbo ìrètí mi wà lára rẹ̀.

Ilé tí Kobby háyà, ti Bàbá Alhaji ni. Àgbà Yorùbá kan ni wọ́n, wọ́n ti wà ní Dichemso kí kóòtá tó dé títì ibẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn máa ń jókòó sí òdìkejì títì, wọn a máa jẹ obì, wọn a máa bú ìjọba. Iwájú ògiri mi gangan! Bàbá jókòó lọ́jọ́ kejì tí mo parí, wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí obìnrin gìrìwò kan tó na ọwọ́ òsì sí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Nàìjíríà mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Ní Ghana níbí, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ! Mate, ìyẹn kọ́ńdọ́ trotro, ò ní gba owó tí o bá fi òsì nà sí i. Bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ bá di ẹrù, tí o fẹ́ fi òsì júwe ọ̀nà lásán, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé "sɛbe", ìyẹn ni pé kí wọ́n má bínú.

Ṣé mi ò mọ̀ ni? Mo mọ̀! Ṣùgbọ́n ojú mi ti mọ́ Virana lára débi pé n kì í rí ọwọ́ òsì mọ́. Virana ni mo máa ń rí.

Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Mulika," wọ́n ní, "haba! Ìwọ ọmọ Lásísì, ọmọ tí mo bá wọn sọ lórúkọ! Ìwọ lo gbé obìnrin síwájú mi, tó ń na benkum, ọwọ́ òsì, sí mi láàárọ̀ lálẹ́? Wallahi, Kobby á kó jáde nílé mi!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé kò ní ọwọ́ ọ̀tún, pé ejò abìyẹ́ ló jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ní kí n bá àwọn kí i kú ewu. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá.

"Kò lọ́wọ́ ọ̀tún, mo gbọ́. Ṣé kò lẹ́nu ni? Kó ní sɛbe!"

Ẹ ẹ̀ rí i, ọ̀rọ̀ àgbà! Lójú ẹsẹ̀ ni mo bi wọ́n bóyá bí mo bá kọ "Sɛbe" gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu Virana, bí a ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn trotro, ṣé yóò tẹ́ wọn lọ́rùn. Bàbá wo ògiri náà, wọ́n jẹ obì wọn díẹ̀, wọ́n ní ó tó. Kí n sáà kọ ọ́ kó hàn.

Mo sáré lọ bá Kobby. Inú rẹ̀ dùn, ó ní àwọn ọmọ géèmù á fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo ní kó fún mi di Sátidé, nítorí iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi ní Asafo. Ó ní kò sí wàhálà. Mo tilẹ̀ fi ìyókù ọ̀dà mi sílẹ̀ sí ilé géèmù rẹ̀. Ṣebí ọ̀rọ̀ ti tán?

Kò tán o! Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì ni. Orí àkàbà ni mo wà ní Asafo tí fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò dákẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí i. Gúrúùpù àwọn olólùfẹ́ Kanea ní Ghana ni. Wọ́n gbé fọ́tò ògiri mi síbẹ̀, wọ́n fi ìlà pupa yí ọwọ́ Virana po, orúkọ mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ rekete.

"Chale, see the thumb! E be AI oo!" Pé ẹ wo àtàǹpàkò, pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló yà á.

Mo fẹ fọ́tò náà tóbi. Yéè! Ẹnìkan ti pa àtàǹpàkò tí mo yà rẹ́, ó ti lẹ òmíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọwọ́ ọ̀tún ló wá hù lára apá òsì! Kò tilẹ̀ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ tán, òjìji rẹ̀ ṣì hàn, ẹ ó rò pé ìka mẹ́fà ni. Àtàǹpàkò tuntun náà wú bí iṣu tí omi wọ̀.

Ẹ ò rí èébú! Wọ́n ní mi ò mọ àwòrán yà, ẹ̀rọ ló ń bá mi yà á, mo kàn ń fi ọ̀dà tẹ̀lé e. Wọ́n ní irú wa ló ń pa iṣẹ́ ayàwòrán gidi. Ẹnìkan lọ sí péèjì mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka gbogbo ènìyàn tí mo ti yà rí, ó ka ti ẹyẹ búlúù náà mọ́ ọn! Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnìkan ló fọwọ́ kan iṣẹ́ mi. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí àwọn onírọ́ ṣe máa ń sọ nìyẹn.

Mo ní kí Kobby bá mi dá sí i, nítorí òun náà wà nínú gúrúùpù. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tó kọ? Ó kọ ọ́ pé inú àwọn náà kò dùn sí ọwọ́ yẹn, àwọn yóò bi ayàwòrán náà léèrè.

Ayàwòrán wo? Èmi! N kò tún ronú mọ́, mo wọ trotro, ó di Dichemso.

Kobby rí mi, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀sín. Mo bi í pé ta ló fọwọ́ kan ògiri mi. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní òun ni. Ó ní ojú Alhaji kò dára lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọjá, ẹ̀rù ba òun, òun bá gbé ọ̀dà mi, òun gun àpótí, òun sọ ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tí kò ya ilé onígun mẹ́rin rí!

"Sister Mulika, ɛnyɛ hwee," ó ní. "E be thumb kɛkɛ."

Pé kì í ṣe nǹkan kan. Pé àtàǹpàkò lásán ni!

Mo ní ṣebí Bàbá ti gbà. Ó ní òun ò gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo ní ó dáa, kó kọ ọ́ sí gúrúùpù báyìí pé òun ló ṣe é. Ó kọ̀. Ó ní apá tuntun Kanea ń bọ̀, òun fẹ́ ṣe ìdíje níbẹ̀, bí àwọn ọmọ bá gbọ́ pé òun ló ba Virana jẹ́, wọn ò ní yà sílé òun mọ́. Ó ní kí n fi sílẹ̀, wọ́n á gbàgbé. Ó ní ayàwòrán ni mí, màá rí iṣẹ́ mìíràn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá Race Course wọlé sórí fóònù mi. Ó kí mi dáadáa. Ó ní àwọn ti rí ògiri Dichemso, àwọn yóò wá ẹlòmíràn tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàwòrán. Mo fi fọ́tò ògiri náà ti tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó kà á, kò fèsì.

Mo na fóònù sí Kobby kó kà á. Ó kà á, ó ní "sorry". Sorry!

Bàbá Alhaji gbọ́ ariwo mi, wọ́n fi ọ̀pá tẹ̀ kọjá títì wá. Wọ́n gbójú sókè wo ògiri náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló ṣe ọmọ yìí báyìí? Ti àkọ́kọ́ kò lẹ́kọ̀ọ́. Èyí ò lọ́wọ́ rárá!"

Kobby ń wo ilẹ̀. Ọkàn mi ní bóyá ojú ti tì í. Ó wọlé lọ, ó gbé àkàbà jáde, ó gbé ọ̀dà mi jáde. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti dé, kí n kúkú tún un ṣe kíákíá, òun yóò ya fọ́tò rẹ̀ sí gúrúùpù, gbogbo rẹ̀ á sì parí. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan sí i: ṣé yóò kọ ọ́ pé òun ló ṣe é? Ó ní kí n jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Mo gba búrọ́ọ̀ṣì. N kò gun àkàbà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ ògiri níbẹ̀, níwájú Bàbá, níwájú àwọn ọmọ tó ti inú ilé géèmù jáde, mo fi ọ̀dà dúdú kun orúkọ mi títí lẹ́tà kankan ò fi hàn mọ́. Kobby ń pariwo pé kí ni mò ń ṣe. Mo ṣe tán, mo ju búrọ́ọ̀ṣì sínú garawa rẹ̀, mo lọ. Inú trotro ni mo ti sunkún, mi ò purọ́ fún yín. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo ṣe láyé mi, èmi náà ni mo pa orúkọ mi rẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Mo gbọ́ pé ẹni tó bá wọ ilé géèmù náà báyìí, ohun tó kọ́kọ́ ń bi Kobby ni ta ló ya ọwọ́ yìí. Kò rí orúkọ ẹnikẹ́ni tọ́ka sí mọ́. Ó ti pè mí títí, mi ò gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó kọ orúkọ yín sí iṣẹ́ kankan, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, níwájú ẹlẹ́rìí, pé òun ò ní fọwọ́ kàn án lẹ́yìn yín. Má wo ti ọ̀rẹ́ o. Ọ̀rẹ́ ló mọ ibi tí o gbé ọ̀dà sí.

Ta ló ti ba iṣẹ́ yín jẹ́ rí, tó sì fi orúkọ yín sílẹ̀ kó máa gba èébú? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á. Kobby, mo mọ̀ pé o ní ẹni tí yóò túmọ̀ èyí fún ọ. Àyè wà fún tìrẹ náà níbẹ̀.