Àga Ìyá Mi Níwájú Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà

Títí di òní, tí òórùn káńfọ̀ bá ti kọlù mí nímú, àpótí ìyàwó mi ló ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Yàrá wa ní Ìlọrin ló ń rùn bẹ́ẹ̀, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí adigunjalè ń da ìlú láàmú tí èmi náà fi gba ìwé àṣẹ, tí mo ra ìbọn olójú méjì. Tíṣà ni mí, ará Ọ̀mù-Àrán. Kí ni mo mọ̀ nípa ìbọn? Ọ̀gá ọlọ́pàá tó fún mi níwèé kìlọ̀ pé ìbọn àti ọta kò gbọdọ̀ sùn síbì kan náà. Mo fi àgádágodo ti ìbọn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọta ńkọ́, ìyàwó mi kó o sínú àpótí tó gbé wá sílé ọkọ, láàárín aṣọ òkè àti káńfọ̀.

O ṣáà mọ irú àpótí yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ kì í ṣí i. Ọjọ́ tí obìnrin bá kú ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń ṣí àpótí rẹ̀, nítorí náà ọkọ tó bá ṣí i lójú ayé ìyàwó rẹ̀ ti ní kí ìyàwó náà kú nìyẹn. Orí ìṣó lára ògiri ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń gbé, kò sẹ́ni tó ń fi í pamọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a fi ìyá mi sílé. Káfíńtà tó bá wa kan àjà, tí ìyá mi ń bu oúnjẹ fún lójoojúmọ́ tó fi ṣiṣẹ́ náà, òun ló mú ẹnì kan dání tó wá kó rédíò àti aṣọ wa. Nígbà tí ìyá mi pè é lórúkọ, ó la igi mọ́ ọn lápá, apá sì kán. Ó fi ibi san oore. Àwọn ọlọ́pàá mú un, wọ́n sì tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní ìyá arúgbó kan ṣoṣo ni ẹlẹ́rìí, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n tú u sílẹ̀, mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àdúgbò Challenge. Ó ń fá pákó. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi. “Tíṣà, ẹ kú àárọ̀. Apá ìyá ńkọ́?”

Mo padà sílé, mo gbé ìbọn jáde, mo gbé e lé itan, mo dojú kọ àpótí. N ò ní purọ́ fún ọ, ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bí yóò ṣe ṣubú sáàárín èérún pákó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fà á padà. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi bá mi nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé.

“Kó ọta fún mi,” mo wí.

Ó wo ìbọn, ó wo ojú mi, ó mú kọ́kọ́rọ́ kúrò lára ìṣó, ó gbé e sórí àpótí. “N ò ní kó o fún yín. Ẹ ṣí i fúnra yín, kí n mọ̀ pé mo ti kú.”

Ìyá mi gbọ́ láti pálọ̀. Ó wọlé tòun ti apá tí wọ́n fi igi dì. “Apá ta ni wọ́n ṣẹ́? Ṣé tìrẹ ni? Èmi ni mo ni ẹ̀san. Gbé nǹkan yẹn padà síbi tó wà, kí o sì wá àga fún mi.”

Ní Sátidé, mo gbé àga, mo mú un lọ sí Challenge, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà náà. Ẹni tó bá kí i, tó béèrè ohun tó ṣe apá rẹ̀, á fi ọwọ́ kejì tọ́ka. “Káfíńtà yìí ló ṣẹ́ ẹ. Mo bu oúnjẹ fún un, ó ṣẹ́ ẹ.” Kò pariwo, kò ṣépè. Gbogbo Sátidé ni a ń lọ, fún bí oṣù mẹ́ta. Ta ni yóò mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ yàrá rẹ̀ kó wá kan àjà? Àwọn tó ti gbé pákó fún un wá kó pákó wọn. Mo jókòó ti ìyá mi, mò ń wo káfíńtà náà bó ṣe ń gbẹ, ó sì ń dùn mọ́ mi nínú gan-an. Nígbà tó wá dọ̀bálẹ̀ níkẹyìn, ìyá mi ní, “Dìde, o ń dí ọ̀nà.” Kò pẹ́ sígbà náà tó fi kó kúrò nílùú.

Ìyá mi ti sùn nínú Olúwa báyìí. Àwọn èèyàn ní kí n dárí ji ọkùnrin náà, pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́. N ò dárí jì í. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tó kó lọ, mo bá a pàdé ní Òkè-Oyi, ó ti hewú. Mo sọ ọ́ fún un lójúkojú pé n ò dárí jì í, ó sì tẹrí ba. Ká ní mo pa á lọ́jọ́ yẹn, ta ni ǹ bá sọ ọ́ fún?