Ọ̀pá Kẹta Láti Ọwọ́ Ọ̀tún

Òórùn irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jóná ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sílé wa ní Mushin, nítorí iwájú ilé náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jórinjórin. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe irin tó bo àwọn fèrèsé wa àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ínṣì mẹ́rin ló wà láàárín ọ̀pá kan sí èkejì. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni ọmọbìnrin mi nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, láti ìgbà náà ni mo sì ti máa ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn irin láti ìta bí mo bá ń jáde. Ẹni tó bá ti bí ọmọ obìnrin, ọ̀rọ̀ náà yé e.

Nígbà tó wọ kíláàsì àṣekágbá, ó mú ìwé ìtàn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ wálé, ó ń kà á fún mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ̀bà. Ọba kan gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ pé ọmọ tí ọmọbìnrin òun bá bí ni yóò pa òun, ló bá ti ọmọbìnrin náà mọ́ inú yàrá idẹ. Àfi bí olórí àwọn òrìṣà wọn ṣe sọ ara rẹ̀ di òjò wúrà, tó gba òrùlé wọlé tọ̀ ọ́ lọ.

"Jórinjórin wo ló ṣe yàrá yẹn?" mo ní. "Kò mọ̀ pé òrùlé lèèyàn máa ń kọ́kọ́ wò?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Dádì, ti òrùlé kọ́ ni mò ń wí. Ta ni ọba yẹn ń dáàbò bò?"

Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun.

Nígbà tó máa ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì ní Yaba, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ wo ibẹ̀ ṣáájú kó má baà ṣìnà. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò gan-an, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo jáde lọ ra irin ní Ijora, ọwọ́ mi sì ti ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń tì í. Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fóònù mi dún.

"Dádì, ẹ ti mí mọ́lé."

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa ti géètì ibi ìdánwò, ẹni tí kò bá sì wọlé, ó di ọdún tó ń bọ̀. Tírélà ti dí ojú afárá níwájú mi. Ọmọ mi ti pariwo pe jórinjórin kejì ládùúgbò wa, ẹni tí mo máa ń sọ fáwọn oníbàárà pé iṣẹ́ rẹ̀ kò le. Ó gba fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé olè lẹ̀ ń dènà ni àbí sọ́jà? Ẹ tún jó irin bo àgádágodo. Iná ò sí, ayùn ọwọ́ ni mo mú dání. Èyí á gbà tó wákàtí mẹ́ta."

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ tí mo jó irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, ọ̀pá ìjórin mi tán nígbà tó ku oríkèé méjì. Mo kàn fi ìdí ọ̀pá tó ṣẹ́kù jó wọn léréfèé, mo kùn wọ́n lọ́dà, mo ní màá padà sí i. Mo gbé ìtìjú mì.

"Ka ọ̀pá kẹta láti ọwọ́ ọ̀tún. Fi òòlù gbá a nísàlẹ̀, kí o gbá a lókè. Kò jó dáadáa."

"Ẹ̀yin náà, Ẹ̀gbọ́n?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ òòlù lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọmọ mi láti ìta: "Dádì, mo ti ń lọ."

Ọ̀sán ni mo tó délé. Mo fi tépù wọn àlàfo náà: ínṣì mẹ́jọ àti ààbọ̀. Òwú aṣọ rẹ̀ kan há síbẹ̀, níbi tó ti fẹ̀gbẹ́ gbà jáde. Mo jókòó síwájú rẹ̀, ìbéèrè ọjọ́ ẹ̀bà yẹn sì padà wá bá mi. Kì í ṣe olè nìkan ni mò ń bẹ̀rù ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Mò ń bẹ̀rù ilé tí kò ní sí ẹni tí yóò pè mí ní Dádì. Èmi àti ọba yẹn, ara wa là ń dáàbò bò.

Ó bá ìdánwò náà, ó sì yege. Ó ti di olùkọ́ ní Surulere báyìí. Mo sọ àlàfo náà di ilẹ̀kùn kékeré, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìṣó nínú ilé. Bó bá kí mi tán tó ń padà sílé rẹ̀, mo ṣì máa ń pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí fóònù, ìpè kẹta ló máa ń gbé: "Ọba Gíríìsì, mo ti délé o." Nínú gbogbo irin tí mo ti jó láyé mi, oríkèé méjì tí n kò jó dáadáa yẹn ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún jù.